Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀

Ìjì náà jà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù March 2018. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ kò jìnnà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, mo sì gbọ́ bí páánù ṣe ń ṣí, gbàràgàdà, gbàràgàdà, kí ohun ńlá kan tó wó lulẹ̀ tí gbogbo wa fi dákẹ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òrùlé kíláàsì mẹ́ta ló wà ní pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ náà ti dé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Àwọn kan wọ kíláàsì wọn lọ bí ìṣe wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó tutù rinrin, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo sánmà. Ọmọ mi ọkùnrin wà lára wọn. Kíláàsì kẹrin ló wà nígbà náà.

September 2021 ni wọ́n tó bo òrùlé yẹn padà. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ohun tí ojú mi rí láàárín ìgbà méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, nítorí ohun tó ń bí mi nínú nígbà yẹn ló ṣì ń bí ọ̀pọ̀ òbí nínú ní Ìbàdàn títí dòní, a kàn ń gbé ìbínú wa lọ sílé ni. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, mi ò sì ní dárúkọ àwọn ọ́fíìsì tí a lọ. Àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ ṣì ń jẹun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi. Ọmọ Ìbàdàn ni, agboolé wa kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ó wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án, ni wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé, ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Ó máa ń sọ fún wa pé àwọn àgbà Ìbàdàn kò fẹ́ràn owó orí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bù lé wọn nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Wọ́n bínú débi pé nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC, ẹgbẹ́ tó ń ta ko Awólọ́wọ̀, ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn, Adégòkè Adélabú, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, sì ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí January dé, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà, nígbà tí wọn ò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. "Wọ́n gba owó lọ́wọ́ bàbá mi," bàbá mi á wí, "bàbá mi sì rí ibi tí owó rẹ̀ jókòó sí." Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, gbogbo wa tí a péjọ sí pápá ń sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, pé ìjì náà ti le jù. Káfíńtà kan wà láàárín wa tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì karùn-ún. Òun kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa igi òrùlé wò. Ó wá pè mí, ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ wá wo ibí." Ó fi hàn mí pé igi tó yẹ kó jẹ́ tú-bàì-fọ́ọ̀, tú-bàì-tírì ni. Ibi tó yẹ kí ìṣó mẹ́ta wà, ẹyọ kan ló wà. Wọn ò so òrùlé mọ́ ògiri rárá, wọ́n kàn gbé e lé e bí ẹni gbé fìlà lé orí. Ó tọ́ka sí ara ògiri, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọdún tí wọ́n fi owó ìjọba kọ́ kíláàsì náà, gàdàgbà. Ọdún mẹ́rin péré ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n tó bí mi wà, páánù rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti pọ́n bí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìjì kan náà ló fẹ́ lu àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, mo máa ń béèrè pé, ìṣó mélòó ni wọ́n kàn án?

Wọ́n da kíláàsì kẹrin pọ̀ mọ́ ìkẹta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, mo ka àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá kan náà, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Kíláàsì karùn-ún lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi bọ́ọ̀dù ti ara igi, tíṣà wọn á sì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó wo ìwé. Kíláàsì kẹfà tó ń múra ìdánwò wọ sẹ́kọ́ńdírì dúró sínú yàrá tí kò lórí. Tó bá di agogo mẹ́wàá tí oòrùn bá ti ń ga, wọ́n á máa wọ́ bẹ́ǹṣì tẹ̀ lé òjìji ògiri, díẹ̀ díẹ̀, títí òjìji yóò fi tán. Ẹ ò lè mọ ohun tí èyí ń ṣe sí ọkàn ìyá ọmọ àfi tí ẹ bá rí i. Ọmọ mi á dé, mo á béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wọn, á ní, "Mọ́mì, mi ò gbọ́ ohun tí àǹtí ń sọ, ariwo pọ̀ jù."

Ọ̀gá ilé ìwé kọ lẹ́tà ní April. Ó fi rán tíṣà kan lọ sí ọ́fíìsì kan, tíṣà náà dé, ó ní wọ́n ní ó ti dé etí àwọn ọ̀gá. A fọkàn sí i. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ. Ní July, ìpàdé PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, fi mí ṣe akápò, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń kọ owó oníbàárà sílẹ̀ nínú ìwé, kọ́bọ̀ kì í sì í sọnù lọ́wọ́ mi.

Ìjà àkọ́kọ́ tí mo rí nínú ìpàdé yẹn kì í ṣe pẹ̀lú ìjọba, láàárín ara wa ni. Àwọn kan ní ká dá owó, kí Bàbá Káfíńtà bá wa bo yàrá náà. Bàbá kan tó ń wa kórópe dìde, inú ń bí i. Ó ní òfin ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé yìí, pé bí a bá fi owó wa bò ó, ìjọba kò ní náání wa mọ́ láé, ẹnì kan á sì tún lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ló bò ó. Ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn láti ìjókòó. Ó ní, "Ẹ máa jà o. Kí ọmọ tèmi máa jókòó sínú òjò títí ẹ ó fi jà tán?" Gbogbo ilé dákẹ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè sọ pé ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ṣì í. A dá 41,500 náírà, a fi ra tapólì, Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é sórí yàrá kíláàsì kẹfà láìgba kọ́bọ̀. Òjò ọdún kan péré ló rí, ó ti fàya.

Mo wá débi tí ó nira fún mi láti sọ. Ní September 2018, mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Mo fi í sí ilé ìwé aládàáni kan tó wà lẹ́yìn ilé epo, 18,000 náírà ni wọ́n ń gbà ní táàmù kan. Ilé ìwé náà kò tóbi, yàrá márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó ní òrùlé. Mo di ipò akápò mi mú, mo ń lọ sípàdé. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa sọ ọ́.

Ní January 2019, ìpàdé gbóná, àwọn òbí ń pariwo mọ́ ọ̀gá ilé ìwé bí ẹni pé òun ló ṣí òrùlé. Mo dìde, mo ní kí a ṣe sùúrù, pé ìjọba ń bọ̀. Ìyá kan tó ń dín àkàrà ní ìdí ọkọ̀ dìde lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ má bínú sí mi. Sùúrù rọrùn fún yín, ọmọ tiyín wà lábẹ́ òrùlé." Ó jókòó. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí pé ó bú mi, nítorí kò bú mi. Òtítọ́ ló sọ.

Mo ronú sí i fún ọjọ́ púpọ̀. Gbogbo wa tó lè kọ lẹ́tà, tó lè dúró níwájú ọ̀gá ọ́fíìsì láìgbọ̀n, a ti ń kó ọmọ wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tíṣà ibẹ̀ gan-an, ìlàjì wọn ló ní ọmọ ní ilé ìwé aládàáni. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ńkọ́? Bàbá mi sọ pé nígbà tiwọn, ọmọ akọ̀wé kóòtù àti ọmọ àgbẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, bí òjò bá sì ń jò ní kíláàsì, ọmọ akọ̀wé á sọ fún bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Báyìí, òjò ń jò sórí àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Èmi pàápàá wà nínú àwọn tó mú ojú wọn kúrò níbẹ̀.

Ìbò ń bọ̀ lọ́dún yẹn. Àwọn olóṣèlú wá, wọ́n dúró sórí páánù tó wó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ṣèlérí. Mi ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù May 2019 tí gómìnà tuntun gorí àlééfà, ó kéde pé òun fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ìjọba. Inú wa dùn, kí n má parọ́. Àbúrò mi obìnrin ní ọmọ mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni ó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òrùlé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa ṣì wà nílẹ̀, koríko ti ń hù láàárín igi rẹ̀.

Bàbá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbé ṣòkòtò wá kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ó bá mi tí mò ń bú ìjọba. Ó ní, "Ta ni ẹ kọ̀wé sí?" Mo ní, "Ìjọba ni, Bàbá." Ó ní, "Ìjọba wo?" Mi ò lè dáhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá ra èlùbọ́ tí kò dáa ní Ọjà'ba, ṣé ọjà lo máa lọ bá jà ni àbí ẹni tó tà á fún ọ?"

Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé, ó ṣàlàyé fún mi. Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó kàn án. Owó ilé kíkọ́ àti títúnṣe yàtọ̀. Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lára àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pín dọ́gba fún àwọn ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye kan náà jáde látinú àpò tirẹ̀ kó tó lè gbà á. Ó ní ìpínlẹ̀ tí owó wọn sùn sí Àbújá fún ọdún pípẹ́ kò lóǹkà, nítorí pé wọn ò mú tiwọn wá. Bí owó bá dé, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ló sì yẹ kó sọ fún wọn pé òrùlé ibì kan ti ṣí. Ilẹ̀kùn mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó wà ní ilẹ̀kùn kìíní lè tọ́ka sí ìkejì, ìkejì á tọ́ka sí ìkẹta, ìkẹta á ní àwọn kò gbọ́.

Nínú òfin kan náà, òbí tí kò bá mú ọmọ rẹ̀ wá sílé ìwé, ìkìlọ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá tún ṣe é, 2,000 náírà ni ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mo bi Bàbá Tíṣà pé kí ni ìyà ẹni tó gba owó òrùlé tó wá fi ìṣó kan kàn án. Ó ní òun kò rí ìyẹn nínú òfin yẹn.

Ohun tó sọ kẹ́yìn ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní, "Lẹ́tà tí ẹ kọ, ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí dà?" Mo lọ bi ọ̀gá ilé ìwé. Kò sí ẹ̀dà kankan. Èmi àti Bàbá Káfíńtà gbéra lọ sí ọ́fíìsì tí tíṣà yẹn ní òun gbé lẹ́tà lọ. Akọ̀wé tú fáìlì, ó tún un tú. Kò sí níbẹ̀. A ti fi odidi ọdún kan àti oṣù márùn-ún bínú sí àwọn èèyàn tí ìwé wa kò dé ọwọ́ wọn. Mi ò sọ pé mo dá wọn láre o. Ojú títì ni ilé ìwé náà wà, ọkọ̀ ìjọba ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bẹ ilé ìwé wò kò nílò lẹ́tà kó tó rí i pé kíláàsì mẹ́ta kò lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n lè sá sí, àwa la sì fún wọn. "Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀," Bàbá Tíṣà wí nígbà tí a padà dé, "ìwọ nìkan lo mọ̀ pé o kọ ọ́."

September 2019 la bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta, ẹ̀dà méjì méjì. A ya fọ́tò, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mọ̀kọ́lá. Bàbá Káfíńtà sọ ohun tó rí nípa igi àti ìṣó, èmi kọ ọ́ sílẹ̀. Òbí mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló fọwọ́ sí i, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn tẹ ìka ni. Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ tẹ ìka. Kò bá mi sọ nǹkan kan, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró, ó lọ.

Láti ìgbà náà títí di March 2020, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé kí aráàlú máa bi ìjọba léèrè mọ ohun tí ó ń ná ni. Ọjọ́ tí mo bá lọ, mi ò ránṣọ. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ aríyá tí kò bá mi, ó lè má padà wá mọ́. Owó kórópe àlọ àti àbọ̀, ìdúró lórí ìlà, kí wọ́n wá ní ọ̀gá lọ sípàdé. Ní Agodi, mo máa ń wo àwọn ilé ìjọba yẹn, mo á rántí pé Agodi yìí náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bàbá mi na ọwọ́ kan etí.

Akọ̀wé ọ̀dọ́bìnrin kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà. Ohun tó máa ń sọ fún mi ni, "Ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà." Mo ti kórìíra rẹ̀. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹfà, kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Mà, bí ẹ bá ń bọ̀ báyìí, wọ́n á máa ní kí ẹ padà wá ni. Ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì yín. Ìwé tó bá ti ní nọ́ńbà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn fún un." Ó kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé pélébé kan fún mi. Mo béèrè ìdí tó fi ràn mí lọ́wọ́. Ó ní ọmọ òun náà wà ní ilé ìwé ìjọba, ní ìhà Mọ́níyà. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ràn wá lọ́wọ́ nínú ilé ńlá yẹn ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àrùn kòrónà dé, gbogbo ilé ìwé tì. Nígbà tí wọ́n ṣí padà lọ́dún yẹn, àbíkẹ́yìn mi tó ọmọ tí ń wọ kíláàsì kìíní. Mo mú un lọ sí ilé ìwé ìjọba yẹn gan-an. Bàbá àwọn ọmọ mi kò fara mọ́ ọn, ó ní ṣé mo fẹ́ fi ọmọ òun jà ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Mi ò sọ pé kí gbogbo òbí ṣe ohun tí mo ṣe, ẹni tó bá lágbára kó mú ọmọ rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Èmi kò kàn lè gbàgbé gbólóhùn Ìyá Alákàrà. Ìpàdé tí mo lọ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn mi yàtọ̀ létí ara mi.

Ní November 2020, Bàbá Tíṣà mú òfin mìíràn jáde, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, tí ọ́fíìsì sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. A kọ ọ́ sínú lẹ́tà tuntun, a fi nọ́ńbà fáìlì sí i lókè. A béèrè nǹkan méjì péré: èló ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì yẹn, àti ta ló gba iṣẹ́ náà? Èsì kò dé lọ́jọ́ keje. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ló dé. Wọn ò dáhùn ìbéèrè méjèèjì, títí dòní wọn ò tíì dáhùn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé wọ́n ti fi ilé ìwé wa sínú àwọn tí wọ́n máa tún ṣe.

Wọ́n wá wọn ilé náà ní February 2021, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní July. Bàbá Káfíńtà gbé òkúta kan sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe bínú, wọ́n ní kí ló ń ṣọ́. Ọ̀gá ilé ìwé bẹ̀ ẹ́ kó má dá wàhálà sílẹ̀, kí wọ́n má bàa kó ẹrù wọn lọ. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìṣó lòun ń kà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n fi igi tú-bàì-tírì dé, ó pè mí, a sì pe nọ́ńbà ọ́fíìsì láti ibẹ̀. Wọ́n kó igi náà padà. Èyí tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn rẹ̀, tú-bàì-fọ́ọ̀ ni, wọ́n sì fi irin so ó mọ́ ògiri. Ìjì ti jà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Mo máa ń jí lóru, mo á tẹ́tí sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà lálẹ́ ìjì yẹn, kò sí ìkankan nínú wọn tó padà jókòó sábẹ́ òrùlé tuntun. Gbogbo wọn ti jáde. Ọmọ ọmọ ìyá àgbà yẹn kò wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìwó Road. Mi ò mọ ẹni tí mo lè kọ lẹ́tà sí nípa tirẹ̀.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà fáìlì ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní yunifásítì ìjọba nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù February 2022. Ó di ọjọ́ 14 oṣù October kí wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ mi fi jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá mi gán bọ́tìnì. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ní 2009, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́jọ́ kan ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin mọ ibi tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ta ni kí àwa kọ̀wé sí?" Mo wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò rí èsì fún un, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ọmọ mi.

Ohun tí mo mọ̀ kò ju àdúgbò mi lọ. Nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ òwú àti síípù, ọ̀rá kan wà tí mo kó gbogbo ẹ̀dà olóǹtẹ̀ sí. Èyí tó kù báyìí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ihò méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ilé ìwé, àwọn ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà máa ń tọrọ ààyè lọ sílé, òmíràn kì í padà wá lọ́jọ́ náà. A kọ lẹ́tà rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ìyá Alákàrà ló bá mi gbé e lọ. Ó ti din àkàrà tán láàárọ̀, òórùn epo ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó jókòó tì mí nínú kórópe láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Akọ̀wé gba ìwé, ó lu òǹtẹ̀, ó na ẹ̀dà wa sí wa. Èmi ti ń yí padà láti máa lọ. Ìyá Alákàrà, tí kò mọ̀ọ́kọ, tí kò mọ̀ọ́kà, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi ìka tọ òǹtẹ̀ náà yíká, ó bojú wo akọ̀wé, ó ní, "Ọmọ mi, èwo ni déètì níbẹ̀?"